Làpálàpá Tí Kò Gbóògùn: Ẹ Jẹ́ Kí Láàbù Wò Ó

Bí ara bá ti ń yún èèyàn ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, kẹ́míìsì ni yóò kọ́kọ́ yà sí. "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi mú ìpara làpálàpá, èyí tó lágbára dáadáa." Ẹni tó wà nídìí káńtà kì í ṣe dókítà. Kò ní béèrè ibi tí nǹkan náà wà lára, kò ní béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì ní béèrè ohun tí wọ́n ti fi pa á ṣáájú. Ọwọ́ rẹ̀ á kàn lọ sórí pẹpẹ, yóò mú ìpara kan tí oògùn mẹ́ta pàdé nínú rẹ̀: ọ̀kan ń gbógun ti fọ́ńgọ́ọ̀sì, ọ̀kan ń pa bakitéríà, ìkẹta jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, yíyún ti rọlẹ̀. Oníbàárà á máa dúpẹ́, á sì tún júwe ìpara náà fún aládùúgbò.

Sítẹ́rọ́ọ̀dì ló fún un ní ìsinmi yẹn, kò sì pa fọ́ńgọ́ọ̀sì kankan. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá ìjà tí ara ń bá àrùn jà dúró, ìjà yẹn gan-an ló sì ń fa pípọ́n àti yíyún. Bí ara bá ti sinmi ìjà, fọ́ńgọ́ọ̀sì rí àyè gbilẹ̀. Bíríkítí tí etí rẹ̀ yi, tí àárín rẹ̀ mọ́, tí gbogbo wa mọ̀ sí làpálàpá, kò ní hàn mọ́. Yóò di àbàwọ́n ràbàtà tí kò ní etí gúnmọ́, yóò gba ìtan dé ìdí, yóò gba abẹ́ ọmú dé ikùn. Dókítà awọ ara gan-an lè wò ó kó pè é ní nǹkan mìíràn. Bó bá sì pẹ́ tí wọ́n ti ń pa á, awọ ibẹ̀ á fẹ́lẹ́, á ya ní ilà-ilà, ilà náà kì í sì í lọ mọ́.

Ìkìlọ̀ mi rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ fọwọ́ gidi mú un: bí ẹ bá ti lo oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì bó ṣe yẹ, tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ti pé, tí ara kò yá, ẹ má ṣe fi òmíràn lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí láàbù kọ́kọ́ mọ irú fọ́ńgọ́ọ̀sì tó jẹ́, kí wọ́n sì dán oògùn wò lára rẹ̀.

Àwọn àgbà a máa sọ fún ẹni tó ń lépa ohun kékeré pé ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Lójú tiwọn, làpálàpá kò tó nǹkan. Wọ́n á já ewé asùnwọ̀n òyìnbó, wọ́n á gún un, wọ́n á fi pa á, ẹnikẹ́ni kì í torí rẹ̀ pàdánù oorun. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ayé ṣe yí. Ẹ̀tẹ̀ ti ní oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1995. Làpálàpá ló wá ń le sí i.

Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Japan fún ẹ̀yà fọ́ńgọ́ọ̀sì kan ní orúkọ, Trichophyton indotineae. Ara àwọn aláìsàn tó wá láti Íńdíà àti Nepal ni wọ́n ti rí i. Kí ó tó ní orúkọ rárá ni àwọn dókítà awọ ara ní Íńdíà ti ń figbe ta pé làpálàpá tí àwọn ń rí kì í gbọ́ terbinafine mọ́, bẹ́ẹ̀ terbinafine ni oògùn tí gbogbo ayé gbára lé fún un. Ní oṣù Karùn-ún 2023, iléeṣẹ́ ìlera CDC ní Amẹ́ríkà kéde obìnrin méjì ní New York tí irú rẹ̀ mú. Ọ̀kan ti wà ní Bangladesh, níbi tí wọ́n ti fún un ní ìpara alápòpọ̀ tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dì, tí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ mélòó kan níbẹ̀ náà sì ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára. Èkejì kò tíì rìnrìn àjò jáde ní Amẹ́ríkà láìpẹ́ rárá. Terbinafine kò ran ìyẹn. Oògùn mìíràn, itraconazole, ló wá wò ó sàn. Àìmọye ọmọ Nàìjíríà ló ń lọ sí Íńdíà fún ìtọ́jú àti òwò, ìdí rèé tí n kò fi gbà pé ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè ni èyí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oògùn náà kò ṣòro láti lóye. Fọ́ńgọ́ọ̀sì nílò ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní ergosterol kí ara rẹ̀ lè dúró. Terbinafine ń dí ibi tó ti ń ṣe ọ̀rá yẹn. Nínú ẹ̀yà tó ti ya olórí kunkun, ìyípadà bíńtín ti dé bá àbùdá rẹ̀, débi pé terbinafine kò rí ibi tí yóò dì mú mọ́. Ẹ lè fi oṣù mẹ́ta jẹ oògùn náà, àrùn kò ní mọ̀ pé ẹ jẹ ohunkóhun. Ojú lásán kò sì lè fi èyí tó gbóògùn yàtọ̀ sí èyí tí kò gbóògùn. Àfi láàbù.

Ẹni tó bá gbà yín ní láàbù nítorí làpálàpá kò ní fa ẹ̀jẹ̀ yín. Yóò fi sípíríìtì nu ojú ibẹ̀, yóò mú abẹ, yóò sì máa rọra ha etí làpálàpá náà, nítorí etí ni fọ́ńgọ́ọ̀sì tó wà láàyè pọ̀ sí, kì í ṣe àárín. Èépá funfun tó ń já bọ́ ni yóò gbà sórí bébà. Kì í dunni. Bó bá jẹ́ èékánná ni, yóò gé e, yóò sì ha abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí ọmọdé ni, yóò fa ìdí irun tó ti kán jáde. Ẹni tó bá wá fi ìpara pa ojú ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ ti ba iṣẹ́ jẹ́. Oògùn tó ṣẹ́kù lára èépá kò ní jẹ́ kí fọ́ńgọ́ọ̀sì hù nínú àwo, èsì yóò sì sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ bi dókítà léèrè iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi dá oògùn dúró kí ẹ tó lọ. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì fún ìpara, oògùn oníhóró sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé wọ́n á kán omi potassium hydroxide sí èépá náà. Omi yìí ń yọ́ òkú awọ ara, á sì fi fọ́ńgọ́ọ̀sì sílẹ̀ kó dá hàn. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n á rí àwọn fọ́nrán tó gùn, tó pẹ̀ka, tó gba àárín èépá kọjá. Àyẹ̀wò yìí kò gba àkókò, owó rẹ̀ kò sì wọ́n, bẹ́ẹ̀ ó lè gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìnáwó oṣù mélòó kan, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tó ń yúnni ni fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ẹ́kísímà wà, sòráyásì wà, kùrùnà wà, oògùn làpálàpá kò sì kan èyíkéyìí nínú wọn.

Ṣùgbọ́n máíkírósíkóòpù kò lè sọ oògùn tí yóò ṣiṣẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbin fọ́ńgọ́ọ̀sì náà sínú àwo oúnjẹ tí wọ́n ń fi orúkọ Raymond Sabouraud pè, dókítà awọ ara kan ní Paris ayé àtijọ́. Làpálàpá kì í kánjú: ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè gba mẹ́rin. Trichophyton rubrum a hù funfun wúruwùru lókè, bẹ́ ẹ bá sì yí àwo náà dé, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti pọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ irú fọ́ńgọ́ọ̀sì tó jẹ́ ni iṣẹ́ ìdánwò oògùn tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ń gba èsì rẹ̀ lọ́wọ́ láìmọ ohun tó ń sọ.

Wọ́n ní ike pẹlẹbẹ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àtẹ́lẹwọ́, tí ihò kéékèèké 96 wà lára rẹ̀, ìlà 8, ihò 12 ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan lè jẹ́ ti terbinafine, èkejì ti itraconazole, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò àkọ́kọ́ ń gba oògùn tó pọ̀ jù, ìkejì ń gba ìlàjì rẹ̀, ìkẹta ìlàjì ìyẹn: 16, 8, 4, 2, 1, 0.5, 0.25, ó ń lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi lásán. Mílígíráàmù nínú lítà kan ni wọ́n fi ń ka á. Wọ́n á dá ihò kan sí tí kò ní oògùn rárá, kí wọ́n lè rí i pé fọ́ńgọ́ọ̀sì náà wà láàyè; wọ́n á dá òmíràn sí tí kò ní fọ́ńgọ́ọ̀sì, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìdọ̀tí kò wọlé. Wọ́n á wá ka hóró fọ́ńgọ́ọ̀sì, hóró tí ojú lásán kò lè rí, wọ́n á sì pín iye kan náà sínú gbogbo ihò yòókù. Ibi kíkà yìí ni ọwọ́ tí kò mọṣẹ́ ti ń ṣe àṣìṣe, nítorí bí hóró bá pọ̀ jù, oògùn tó dára á dà bí èyí tí kò wúlò. Bí ó bá kéré jù, oògùn tí kò wúlò á dà bí èyí tó dára.

Ike náà yóò wọ inú ẹ̀rọ tó ń mú un lọ́wọ́ọ́rọ́. Fún Aspergillus, tí í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì ẹ̀dọ̀fóró tí mo ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ rẹ̀, wákàtí 48 ti tó. Fún làpálàpá, ó ń gba ọjọ́ mẹ́rin sí ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá pé, onímọ̀ láàbù á gbé ike sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ihò tí nǹkan funfun ti bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì ti borí níbẹ̀. Ihò tó mọ́ gaara, oògùn ló borí. Ìwọ̀n oògùn tó kéré jù tí ihò ti mọ́ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, òun sì ni MIC tí ẹ ń rí nínú ìwé èsì. Àjọ CLSI ní Amẹ́ríkà, tó gbé ìlànà M38 jáde fún irú fọ́ńgọ́ọ̀sì oní-fọ́nrán yìí ní 2002, àti EUCAST ní Yúróòpù ló ń ṣe òfin bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é, kí èsì tó jáde ní Ìbàdàn lè bá ti London mu.

Ihò tó mọ́ kò túmọ̀ sí pé fọ́ńgọ́ọ̀sì ti kú o. Ó lè jẹ́ pé ó kàn dákẹ́ ni, bíi koríko tí wọ́n fi àdá bẹ́ lórí tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Láti mọ òtítọ́, wọ́n á fa omi nínú ihò tó mọ́ yẹn, wọ́n á dà á sórí àwo oúnjẹ tí kò ní oògùn, wọ́n á sì dúró. Bí nǹkan bá hù, oògùn náà dá a dúró lásán ni. Bí kò bá hù, ó pa á. Terbinafine a máa pa làpálàpá tí kò tíì ya olórí kunkun. Griseofulvin, tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ilé ìwé láti ọjọ́ pípẹ́, ń dá a dúró ni, títí awọ àti irun tuntun yóò fi hù jáde tí yóò sì tì í síta. Ìyá tó bá dá oògùn yẹn dúró lọ́sẹ̀ kejì nítorí pé orí ọmọ kò yún mọ́ ti fi àrùn sílẹ̀ nínú irun. Bákan náà, ìpara lásán kò lè wo làpálàpá orí ọmọdé sàn, nítorí kì í dé ìdí irun tí fọ́ńgọ́ọ̀sì wà. Oògùn mímu tàbí oníhóró ni, láti ọwọ́ dókítà.

Àwọn oògùn kan tilẹ̀ wà tí ihò wọn kì í mọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ṣiṣẹ́. Caspofungin, tí wọ́n ń fún aláìsàn tó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, a máa sọ fọ́nrán Aspergillus di kúkúrú, á wú, á pẹ̀ka gánnígánní, ṣùgbọ́n á ṣì máa hù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú lásán ka ihò rẹ̀ á ní oògùn náà kò dára. Máíkírósíkóòpù ni wọ́n fi ń ka tirẹ̀, ìwọ̀n tó kéré jù tí fọ́nrán ti di aláàbọ̀ ara ni wọ́n sì ń kọ. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tó kọ "láàbù" sára ògiri.

Nígbà tí èsì bá dé ọwọ́ yín, ẹ má ṣe ka nọ́ḿbà oògùn kan mọ́ ti òmíràn. Mo mọ̀ pé ó ń wuni. Ẹ rí 0.25 níwájú oògùn kan, ẹ rí 1 níwájú èkejì, ọkàn yín á ní ti 0.25 ló dára jù nítorí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó lè dé nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú awọ ara, ó sì ní ààlà tirẹ̀. Fún Aspergillus fumigatus, EUCAST sọ pé bí MIC voriconazole bá ti ju 1 lọ, oògùn náà kò ní ràn án. Ààlà yẹn kò kan oògùn mìíràn. Dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ ló yẹ kó kà á fún yín. Bí ẹ bá sì rí orúkọ ciprofloxacin tàbí gentamicin nínú ìwé tí wọ́n ní ó jẹ́ ti fọ́ńgọ́ọ̀sì, àyẹ̀wò bakitéríà ni wọ́n ṣe fún yín. Ẹ dá a padà.

Ó wá ku èyí tó ń pa èèyàn. Aspergillus fumigatus wà níbi gbogbo: nínú ilẹ̀, nínú ewé tó ń jẹrà, nínú ààtàn, nínú àgbàdo tó ti bu. Ojoojúmọ́ ni gbogbo wa ń fà á símú, ara tó le a sì máa pa á. Àmọ́ ẹni tí ikọ́ ife ti dá ihò sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ní ilé tí Aspergillus lè wọ̀ sí. Á máa wúkọ́, á máa rù, á máa pọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì máa sọ pé ikọ́ ife rẹ̀ ló padà. Ní 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rita Oladele ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà 208 tí àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn kò fi ikọ́ ife hàn tàbí tí oògùn ikọ́ ife kò ràn lọ́wọ́. Nǹkan bíi 9 nínú 100 ló ní Aspergillus nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ronú sí i: àwọn èèyàn tó ti ń jẹ oògùn ikọ́ ife, tí wọ́n sì tún lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ohun tí oògùn ikọ́ ife kò lè fọwọ́ kàn.

Bí wọ́n bá sì ti gbọ́ pé fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, fluconazole ni wọ́n ń sáré rà, torí pé òun ló wà ní gbogbo kẹ́míìsì, òun sì ni gbogbo ayé mọ̀. Fluconazole kì í ṣiṣẹ́ lára Aspergillus. Kì í ṣe pé Aspergillus ṣẹ̀ṣẹ̀ ya olórí kunkun sí i. Bí a ṣe dá a nìyẹn. Aspergillus terreus, tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, kì í gbọ́ amphotericin B, oògùn tí ọ̀pọ̀ kà sí alágbára jù. Ẹni tó bá ń jẹ rifampicin fún ikọ́ ife lọ́wọ́ sì gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí rifampicin a máa jẹ́ kí ara tètè lé itraconazole àti voriconazole dànù kí wọ́n tó ṣiṣẹ́.

Ní oṣù Kẹwàá 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé to orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì 19 tó léwu jù fún ọmọ aráyé, Aspergillus fumigatus sì wà lára mẹ́rin tí wọ́n fi sókè pátápátá. Ohun tó gbé e débẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti oko. Ní Netherlands, Paul Verweij àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nijmegen kéde ní 2007 pé àwọn ń rí Aspergillus tí ìdílé oògùn azole kò ràn mọ́, itraconazole àti voriconazole wà nínú ìdílé yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn aláìsàn kan lára wọn kò tíì fi azole kan ẹnu rí. Àwọn àgbẹ̀ ló ń fọ́n ìbátan azole, irú tebuconazole, sára irúgbìn kí fọ́ńgọ́ọ̀sì má bàa jẹ ẹ́. Aspergillus tó wà nínú ilẹ̀ àti nínú ìdọ̀tí òdòdó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yè é, afẹ́fẹ́ sì gbé e wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ní 2014, wọ́n kéde pé irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ wà nínú ilẹ̀ ní Tanzania. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ ka ara ike oògùn oko tí ẹ ń rà. Bí ẹ bá rí orúkọ tó parí sí "conazole", ẹ fọ́n ìwọ̀n tí wọ́n kọ, ẹ má lé e kún, ẹ má fọ́n ọn nígbà tí àrùn kò sí lára irúgbìn, ẹ sì bo imú nígbà tí ẹ bá ń tú ààtàn tàbí ìdọ̀tí oko.

Ìmọ̀ irú fọ́ńgọ́ọ̀sì tó wà lára kì í ṣe àṣejù. Ẹ rántí Íńdíà ní 2021, nígbà tí àrùn Kòrónà ń jà. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n sì fún ní sítẹ́rọ́ọ̀dì, bẹ̀rẹ̀ sí í ní fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń jẹ imú, tó ń jẹ ojú, tó ń wọ ọpọlọ. Ó ju 40,000 èèyàn lọ. Voriconazole, tó ń gbani lọ́wọ́ Aspergillus, kò lè ṣe ohunkóhun fún irú yẹn. Amphotericin B àti iṣẹ́ abẹ ni. Láàbù tó bá kọ "fọ́ńgọ́ọ̀sì wà" tí kò sọ irú rẹ̀ lè ṣi dókítà lọ́nà débi ikú.

Ojú náà ńkọ́? Àgbẹ̀ tí ewé àgbàdo bá gbá lójú, tí ojú ń pọ́n, tí àpá funfun ń yọ lára ẹyinjú, kò gbọ́dọ̀ kán oògùn ojú tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dì, kò sì gbọ́dọ̀ kán omi ewé kankan sí i. Fusarium tàbí Aspergillus lè ti wọ ojú yẹn. Natamycin ni oògùn ojú tó dára jù fún Fusarium, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kán an, kí dókítà ojú ha díẹ̀ fún láàbù. Ẹ má fi ọjọ́ kan ṣòfò lórí eléyìí.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé èsì láàbù ni òpin ọ̀rọ̀. Ó lè sọ pé itraconazole á ṣiṣẹ́, kí aláìsàn sì jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìrí ìyàtọ̀. Kápúsù itraconazole nílò oúnjẹ àti omi kíkan inú ikùn kó tó lè wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ omeprazole fún ọgbẹ́ inú, tó sì tún ń fi inú òfìfo gbé itraconazole mì, ń fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára kò gbọ́dọ̀ dá a rà rárá. Ayédèrú oògùn wà, ẹ wo nọ́ḿbà NAFDAC. Làpálàpá sì lè padà nítorí pé ọmọ, ọkọ, tàbí ẹni tí a jọ ń sùn ní in lára, táwẹ̀lì kan náà ni gbogbo ilé fi ń nura, tàbí kílípà báábà kì í rí sípíríìtì. Bí wọn kò bá tọ́jú gbogbo ilé pọ̀, àrùn á máa lọ, á máa bọ̀.

Oníhóró ketoconazole ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà lórí káńtà. Ní 2013 ni àwọn aláṣẹ oògùn ní Yúróòpù sọ pé kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró fún ìtọ́jú fọ́ńgọ́ọ̀sì, ti Amẹ́ríkà sì fi ìkìlọ̀ líle sí i lọ́dún kan náà, nítorí pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ débi tó lè pani. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń rà á fún làpálàpá ìtan. Ìpara ketoconazole kò ní ìṣòro yìí. Oníhóró ni kí ẹ kọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí káńtà kẹ́míìsì, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó mú ìpara lórí pẹpẹ, ẹ béèrè bóyá oníbàárà ti lo nǹkan mìíràn ṣáájú. Bó bá ti lo méjì, ẹ má ta ìkẹta fún un. Ẹ sọ fún un pé kó lọ sí ẹ̀ka awọ ara ní ilé ìwòsàn ńlá. Owó tí ẹ máa pàdánù lọ́jọ́ yẹn kò tó nǹkan.

Ẹ̀yin tí làpálàpá ti ń bá fínra, ilé ìwòsàn yunifásítì ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, torí pé láàbù tó lè ṣe ìdánwò oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì kò pọ̀ ní ìlú wa, wọ́n sì lè ní láti fi èépá yín ránṣẹ́ síbòmíràn. Ẹ kó gbogbo ìpara àti páálí oògùn tí ẹ ti lò dání, àní èyí tó ti tán, àti èyí tí ọ̀rẹ́ fún yín tí kò ní orúkọ lára. Ẹ má tijú láti sọ pé ìpara ìbóra tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dì wà lára wọn. Dókítà nílò láti mọ̀. Bí èsì bá jáde, ẹ gba ẹ̀dà tiyín, ẹ fi pamọ́ sí ibi tí ẹ ń fi ìwé pàtàkì sí, kí dókítà mìíràn tí ẹ bá tún lọ bá lọ́dún tó ń bọ̀ lè rí oògùn tí fọ́ńgọ́ọ̀sì yín gbọ́ àti èyí tí kò gbọ́.